Ìgbáradì kì í pààrọ̀ orí: ohun tí Double Intensity lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe nínú Football Manager

Àbúrò mi kan gbé láptọ́ọ̀pù tó fi ń ṣe Football Manager, géèmù tí èèyàn ti ń darí kíláàbù bọ́ọ̀lù, wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Sáà mẹ́ta rèé tí mo ti ń fún un ní ìgbáradì, kò dàgbà." Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni ọmọ tó ń wí, ọmọ ogún ọdún, ní kíláàbù kan tó wà ní ìpele kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ṣí ojú ewé ìgbáradì rẹ̀: Double Intensity, ìyẹn ìgbáradì ìlọ́po méjì. Mo ṣí ti ẹni tó tẹ̀ lé e: Double Intensity. Ti aṣọ́lé ńkọ́? Òun náà. Gbogbo kíláàbù, àtọmọdé àtàgbà, ló ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, mẹ́fà nínú wọn sì ti fara pa. Ọmọ ọ̀hún gan-an kò tíì gbá ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin lọ láti ìgbà tó ti dé.

Ohun tí àbúrò mi gbà gbọ́ ni ọ̀pọ̀ tó ń ṣe Football Manager gbà gbọ́: pé ìgbáradì ni ẹ̀rọ tó ń ṣe agbábọ́ọ̀lù jáde. Ki ọmọ tí kò mọ nǹkan kan bọ ẹnu rẹ̀ níhìn-ín, yí ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, kó jáde lọ́hùn-ún bíi Messi. Ìgbàgbọ́ yìí ti pẹ́. Nígbà kan, kí wọ́n tó tún apá ìgbáradì inú géèmù náà ṣe, àwọn èèyàn máa ń wá ètò tí ẹlòmíràn ti tò kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń wá àgúnmu. Wọn á fi ti atamátàsé fún atamátàsé, wọn á fi ti aṣọ́lé fún aṣọ́lé, wọn á sì jókòó máa retí iṣẹ́ ìyanu. Mi ò ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ló kéré sí ariwo tí wọ́n ń pa lé e lórí.

Football Manager 2024 ni èmi ṣì ń lò (wọ́n fagi lé ti 2025 kó tó jáde), nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mi sí.

Máàkì tó o ń rí lójú ewé agbábọ́ọ̀lù fún ohun kọ̀ọ̀kan tó mọ̀ ọ́n ṣe, láti 1 dé 20, kọ́ ni gbogbo ìtàn. Nọ́ńbà méjì wà lẹ́yìn wọn tí géèmù fi pamọ́ fún ọ. Ọ̀kan ni Current Ability, tí gbogbo wa ń pè ní CA, ìyẹn ibi tí agbábọ́ọ̀lù dé báyìí. Èkejì ni Potential Ability, PA, ìyẹn ibi tí kò lè kọjá. Àwọn méjèèjì kì í ju 200 lọ. Bí PA ọmọ kan bá jẹ́ 120, o lè gba kóòṣì tó gbówó lórí jù láyé, kó o kọ́ pápá ìgbáradì tó ń dán bíi dígí, 120 náà ni yóò kú sí.

Ta ló ń fi nọ́ńbà yìí lé wọn lórí? Fún agbábọ́ọ̀lù tó wà láyé ní tòótọ́, àwọn olùwádìí tí Sports Interactive, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, ní káàkiri àgbáyé ni. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n á lọ wo bọ́ọ̀lù, wọ́n á kọ èrò wọn sílẹ̀, géèmù á sì sọ ọ́ di òfin. Fún àwọn ọmọdé tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè sọ ibi tí wọ́n máa dé, nọ́ńbà òdì ni wọ́n máa ń lò. Bí wọ́n bá kọ −10 sí ọmọ kan lára, PA rẹ̀ yóò bọ́ sí àárín 170 sí 200. −9 yóò bọ́ sí àárín 150 sí 180, −8 sí àárín 130 sí 160. Ọjọ́ tó o bá bẹ̀rẹ̀ géèmù tuntun ni kọ̀ǹpútà yóò ṣẹ́ kèké, tí yóò mú ẹyọ kan pàtó. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kan náà fi lè di ọba lọ́wọ́ rẹ, kó di ẹni tó kàn ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, tí ọ̀rẹ́ rẹ á sì máa bẹ̀ ọ́ pé kó o fi ètò ìgbáradì tó o lò ránṣẹ́ sóun.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Àjàlá, alámọ̀ tó ń mọ orí, kò ní nílò àlàyé púpọ̀. Agbábọ́ọ̀lù ti yan orí tirẹ̀ kó o tó tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Àmọ́ àwọn àgbà kan náà tó sọ ti Àjàlá ló tún sọ pé orí ò lè dá a ṣe láìsí ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgbáradì ti wọlé. Ẹsẹ̀ ni. Kì í ṣe orí.

Wò ó báyìí. Ká ní CA ọmọ kan jẹ́ 100, PA rẹ̀ sì jẹ́ 120. Àlàfo 20 yẹn nìkan ni ìgbáradì lè bá ọ kún. Kì í sì í ṣe 20 máàkì tó o máa rí lójú ewé rẹ̀ o. CA dà bí owó ọjà, iye tí máàkì kọ̀ọ̀kan ń ná sì yàtọ̀ láti ipò dé ipò. Pace àti Acceleration, ìyẹn eré sísá, wọ́n ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ipò. Finishing, ìyẹn fífi bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, wọ́n fún atamátàsé, ṣùgbọ́n bí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn bá fẹ́ rà á, èènì ni wọ́n fi máa ń ta á. Ẹni tó mọ ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún lò dọ́gba ti ná owó tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí CA bá kan PA, àpò ti ṣófo nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, bí ìgbáradì bá gbé nǹkan kan sókè, ó di dandan kí nǹkan mìíràn sọ̀ kalẹ̀. O lè ní kí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó ti kan òkè kọ́ Tackling (gbígba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò) sí i, yóò kọ́ ọ, ṣùgbọ́n má bínú bí Crossing rẹ̀ bá fà sẹ́yìn. Iṣẹ́ gidi tí ìgbáradì ẹnìkọ̀ọ̀kan ń ṣe nìyí: ó ń darí ibi tí owó ń gbà, kò ń tẹ owó.

Kí ló dé tí ìgbàgbọ́ yìí fi rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ojú kọ̀ǹpútà gan-an ló ń tì í lẹ́yìn. Ọfà aláwọ̀ ewé á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Passing, inú rẹ á dùn, bẹ́ẹ̀ ìyípadà tó kéré gan-an lè mú ọfà yọ. Máàkì ìgbáradì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń fún wọn nínú 10. Ó ń sọ bí ẹni náà ṣe ṣe dáadáa tó lẹ́nu ìgbáradì lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kò sọ pé ó ti dàgbà.

Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ni ọ̀gá ẹ̀tàn. Àwọn ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà tó o ń rí kì í ṣe CA. Èrò àwọn kóòṣì rẹ ni, kóòṣì sì lè ṣì í. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú kíláàbù rẹ lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ kan ní ìràwọ̀ mẹ́rin lọ́dún tó kọjá. O wọ ìpele kìíní, o ra ọ̀gbọ́ntarìgì agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta, ìràwọ̀ ọmọ náà bọ́ sí méjì àtààbọ̀. O pariwo pé ìgbáradì ti bà á jẹ́. Kò sóhun tó bà á jẹ́. Ilé rẹ̀ kò wó, àwọn aládùúgbò ló fi pẹ́tẹ́ẹ̀sì kún tiwọn. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì: wọ́n já kíláàbù rẹ sísàlẹ̀, o ta àwọn èèkàn, ìràwọ̀ gbogbo ọmọ tó kù gòkè lójijì, o sì rò pé ètò tuntun tó o gbé kalẹ̀ lóṣù tó kọjá ló ṣe é. Èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Mo kọ ètò ọ̀hún sínú ìwé, mo tún pín in fún èèyàn mẹ́ta.

Àti pé ọmọ ọdún 17 tí PA rẹ̀ ga máa dàgbà bí o bá tilẹ̀ fi ìgbáradì lé igbákejì rẹ lọ́wọ́ tí o kò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ìgbà tí ọwọ́ wa bá wà níbẹ̀ ni a máa ń sọ pé ọwọ́ wa ló ṣe é.

Kí ló wá ń mú wọn dàgbà? Ọjọ́ orí kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Kí ọmọ tó pé bí ọdún 18, pápá ìgbáradì tó dára àti kóòṣì tó mọṣẹ́ ní ipa tó lágbára lórí rẹ̀. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ohun tó ń jẹ ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀: ìdíje gidi, ní ìpele tí kò kéré sí i tí kò sì ga jù fún un. Ọmọ ogún ọdún tó ń gba ìgbáradì bí ológun láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Sátidé, ebi ló ń pa á.

Ìwà tẹ̀ lé e. Nínú àwọn nǹkan tí géèmù fi pamọ́, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Professionalism, òun ló ń pinnu bí ọmọ ṣe ń fojú sí iṣẹ́. O kò lè rí nọ́ńbà rẹ̀, àmọ́ o lè rí òjìji rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ìwà rẹ̀ sí. Bí o bá rí Model Professional, dì í mú. Bí o bá rí Slack tàbí Casual, ìlọ́po méjì ìgbáradì kò lè ran án, omi inú agbọ̀n ni. Láti Football Manager 2019 ni wọ́n ti fi Mentoring sí i, níbi tó o ti lè kó ọmọdé pọ̀ mọ́ àgbà oníwà rere kan kí ìwà àgbà náà lè ràn án. Lójú tèmi, bọ́tìnnì yẹn níye lórí ju gbogbo Double Intensity lọ, àwọn tó ń lò ó kò sì pọ̀.

Ìfarapa ló kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni àbúrò mi ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Double Intensity ń mú kó rẹ agbábọ́ọ̀lù, ó sì ń mú kó rọrùn fún un láti fara pa. Ẹni tó fara pa kò lè gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ẹni tí kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kò lè dàgbà. Tí kò bá dàgbà, o tún fi kún ìgbáradì rẹ̀.

Ti àwọn àgbà kò ní gbà wá lákòókò: nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá ti ń súnmọ́ ọdún 30 tàbí tó kọjá rẹ̀, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ìgbáradì kò sì lè dá a padà. Àwọn aṣọ́lé ló máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i.

Àwọn kan ti gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n wá bọ́ sí odò kejì: wọ́n ní ọ̀ṣọ́ lásán ni ìgbáradì, kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn náà kì í ṣòótọ́. Ìgbáradì lo fi ń kọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ipò tuntun. Òun lo fi ń kọ́ ọ ní àṣà ìgbábọ́ọ̀lù, bíi kó máa ta bọ́ọ̀lù láti òkèèrè tàbí kó jáwọ́ nínú rẹ̀. Òun náà ló ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ ọgbọ́n ìgbábọ́ọ̀lù tó o gbé kalẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe sí CA, dán an wò: séèfù géèmù kan náà, ṣe é lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìgbáradì, ṣe é lẹ́ẹ̀kan láìsí rẹ̀, fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó sá ọdún kan lọ, kó o fi editor, irinṣẹ́ tó ń fi nọ́ńbà tó pamọ́ hàn, wo ohun tó yí padà. Má ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó o wá gbé e jó o. Oríire àti oríburúkú pọ̀ nínú géèmù yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà lo gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí ohun tó o rí tó tó ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ ká rántí Cherno Samba. Ọmọ tí wọ́n bí ní Gambia ni, kíláàbù Millwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nígbà tí Championship Manager 01/02, géèmù tó ṣáájú Football Manager, jáde. Nínú géèmù yẹn, ó ń fi bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bí ẹni ń mumi. Gbogbo ẹni tó rà á ló rò pé òun ló kọ́ ọ. Lójú ayé, ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó gbá a káàkiri àwọn kíláàbù ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n kò gbá ẹyọ kan nínú Premier League. Ẹnì kan ló fi PA ńlá sí i lórí, PA yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Nínú géèmù kan náà ni To Madeira wà, atamátàsé kan nílẹ̀ Potogí tí ọwọ́ kì í tẹ̀. Irú atamátàsé bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ sí lójú ayé. Wọ́n kàn hùmọ̀ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ni. Ta ló fún ìyẹn ní ìgbáradì?

A dá ìgbáradì gbogbo kíláàbù àbúrò mi padà sí bó ṣe yẹ, a sì yá ọmọ ẹ̀yìn yẹn fún kíláàbù kan ní League One, ìpele kẹta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣèlérí pé òun ni yóò máa kọ́kọ́ wọ pápá. Àbúrò mi kò kọ́kọ́ fẹ́. Ó ní pápá ìgbáradì wọn kò dáa tó tòun. Ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù lọ́ọ̀sẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀ jálẹ̀ sáà, nígbà tó sì padà dé, Positioning rẹ̀ ti kúrò ní 11, ó ti di 13, Marking náà ti gòkè. Àbúrò mi wò ó títí. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ètò ìgbáradì tí wọ́n ń lò ní kíláàbù yẹn, báwo ni mo ṣe lè rí i?"