Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fẹ̀yìn tì sí Ìkòròdú: kí ló yẹ kó ṣe kó tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ó ti kọ́lé sí Ìgbógbó, òun àti ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ padà wálé pátápátá. Pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n "indefinite" nìkan, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke, ni ọkọ rẹ̀ ní. Àwọn kan ní wọ́n máa gba físà kí wọ́n tó lè gbé Nàìjíríà. Àwọn kan ní pẹ́ńṣàn wọn máa dá dúró. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ti físà kò le. Abala 28 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 kò gba jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí ní ọmọ Nàìjíríà, bó tilẹ̀ gba ìwé ọmọ ìlú níbòmíràn. Kí ẹ̀gbọ́n yín ṣáà tún pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ̀ gbà kó tó gbéra, torí ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló máa mú kí wọ́n béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ gan-an ló yẹ kó ronú. Bó bá fi ọdún 2 gbáko wà lẹ́yìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìpadà, indefinite rẹ̀ ti kú nìyẹn, yóò sì di pé kó máa tọrọ físà kó tó lè padà lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Bó bá kúnjú òṣùwọ̀n láti di ọmọ ìlú, kó ṣe é kó tó di ẹrù.

Ìbéèrè: Pẹ́ńṣàn wọn ńkọ́? Ṣé ó máa dá dúró lóòótọ́?

Ìdáhùn: Kò ní dá dúró. Owó National Insurance, ìyẹn owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, tí wọ́n ti san ló bí pẹ́ńṣàn ìjọba, kò kan irú pásípọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ wọn. Bí indefinite ọkọ bá tilẹ̀ kú, pẹ́ńṣàn rẹ̀ ń wọlé. Ibi tó ti ń dunni ni pé owó náà kì í lọ sókè mọ́ tí èèyàn bá ti kó wá sí Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká fi owó gangan ṣàlàyé. Nígbà tí ètò pẹ́ńṣàn tuntun wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2016, £155.65 lọ́sẹ̀ ni ẹni tí tiẹ̀ pé ń gbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó ti di £230.25. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 2016 tó sì kó wá sí Ìkòròdú lọ́dún náà, £155.65 yẹn ló ṣì ń gbà. Ní 2025 yẹn, £74.60 ni owó ẹni tó dúró sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ju tiẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ó sì lé ní £3,800 lọ́dún. Ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì sí Jàmáíkà tàbí Philippines ń gba àfikún rẹ̀ lọ́dọọdún, torí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ìlú yẹn ṣe àdéhùn. Kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà. Gánà kò ní in, Kánádà àti Ọsirélíà gan-an kì í rí àfikún náà gbà.

Annette Carson, tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó lọ gbé ní South Africa, gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́. Ó pàdánù ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ́hùn-ún ní 2005, ó tún pàdánù ní ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní 2010. Ìrẹ́jẹ ni lójú tèmi. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ òru lọ́dọ̀ aláìsàn, tí wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n tìtorí ibi tó ń sùn dín ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù.

Ohun tó wà níkàáwọ́ ẹ̀gbọ́n yín nìyí: kó wo àkọsílẹ̀ National Insurance rẹ̀ nísinsìnyí. Ọdún 10 ló kéré jù kí èèyàn tó rí nǹkan gbà, 35 ló sábà máa ń mú un pé. Bí ọdún kan bá sọnù láàárín, kó béèrè bóyá ó lè sanwó dí i. Ọpẹ́ ni pé nọ́ọ̀sì ni: pẹ́ńṣàn NHS (iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì) tó ti ibi iṣẹ́ wá yàtọ̀ sí ti ìjọba, òun máa ń lọ sókè níbikíbi téèyàn bá ń gbé. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ọ̀fẹ́ NHS jẹ́ ti ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kí wọ́n ya owó dókítà sọ́tọ̀.

Ìbéèrè: Báńkì wo ni kí owó náà máa gbà wọlé?

Ìdáhùn: Bí wọ́n bá ń san án tààrà sí òkèèrè, owó ìlú náà ni wọ́n sábà máa ń san, náírà ni yóò sì bá a. Ní tèmi, kó jẹ́ kó máa wọ ákáńtì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kó wá máa fi èyí tó bá nílò ránṣẹ́ sí ákáńtì dọmí oní pọ́n-ùn níbí. Kó kọ́kọ́ bi báńkì ọ̀hún bóyá wọ́n máa ń ti ákáńtì ẹni tó bá kó lọ sókè òkun, torí àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ákáńtì dọmí máa béèrè BVN, NIN, pásípọ́ọ̀tù àti bíìlì iná, ọ̀pọ̀ báńkì sì tún máa ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì tó ní ákáńtì kọ́rẹ́ńtì. Orúkọ ló ń dá àwọn èèyàn dúró jù. Àǹtí mi tó padà sí Ìjẹ̀dẹ̀ ń jẹ́ Comfort nínú pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, Abíọ́lá ló wà nínú NIN, orúkọ ọkọ ló wà nínú BVN. Oṣù mẹ́rin ló fi ń lọ tó ń bọ̀ ní báńkì kan, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, nígbà tí owó rẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀mejì, ojú mi rí i. Kí ẹ̀gbọ́n yín mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí bára mu láti Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló ti lè ṣe NIN, láti 2025 sì ni ètò BVN ti wà fún ẹni tó wà lókè òkun.

Ìbéèrè: Wọ́n ní wọ́n máa ń béèrè ẹ̀rí pé èèyàn ṣì wà láàyè?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n máa ń fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ látìgbàdégbà. Ẹlẹ́rìí bíi dókítà, lọ́yà tàbí olùkọ́ ló máa bá a fọwọ́ sí i. Bí fọ́ọ̀mù náà kò bá padà, wọ́n lè dá owó dúró. Ọ̀nà pósì ló sì ń gbà wá. Bí òpópónà wọn ní Ìgbógbó kò bá tíì ní nọ́ńbà ilé, kó lọ gba àpótí lẹ́tà ní pósọ́fíìsì Ìkòròdú kó tó fún wọn ní àdírẹ́sì kankan.