Ìdí Tí Mọ́ǹkì Kì í Fi Dúpẹ́ Oúnjẹ

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọmọ Yorùbá tí òwe yìí ti wà létí rẹ̀ láti kékeré, tó bá dé ìlú Luang Prabang ní orílẹ̀-èdè Laos ní ìdájí, ohun tó máa kọ́kọ́ rí lè bí i nínú. Àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Búdà tó fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, á tò tẹ̀lé ara wọn, ẹsẹ̀ lásán, aṣọ aláwọ̀ ọsàn bo èjìká wọn méjèèjì, abọ́ ńlá wà lára olúkúlùkù. Àwọn ará àdúgbò á ti kúnlẹ̀ sẹ́bàá títì. Obìnrin kan á fọwọ́ bu ìrẹsì tó ń lẹ̀ látinú apẹ̀rẹ̀ oparun, á gbé e sókè kan iwájú orí, á fi í sínú abọ́. Mọ́ǹkì á kọjá. Kò ní wò ó lójú, kò ní sọ pé ó ṣeun.

Àwọn tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò sábà máa ń sọ pé bárà ni mọ́ǹkì ń ṣe. Irọ́ ni, kò sì dáa bí wọ́n ṣe ń tún un sọ. Oníbárà máa ń tọrọ. Mọ́ǹkì kò gbọ́dọ̀ la ẹnu béèrè oúnjẹ tó wù ú, àfi tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ó kàn máa gba ibẹ̀ kọjá ni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jáde, abọ́ òfìfo ló máa gbé padà. Òfin 227 ló wà lọ́rùn rẹ̀, díẹ̀ nínú wọn ló sì so gbogbo ètò yìí ró: kò gbọ́dọ̀ jẹun lẹ́yìn ọ̀sán gangan, kò gbọ́dọ̀ tọ́jú oúnjẹ di ọjọ́ kejì, kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ kó dáko, kò gbọ́dọ̀ gba owó. Yàtọ̀ sí omi, ohun tí ẹnìkan kò bá fi fún un kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni abọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn ará ilé sì ń rí àyè láti fúnni.

Ọpẹ́ wá ńkọ́? Ọpẹ́ dùn, ohun tó sì fà á gan-an nìyẹn. Bí ẹni tó gba nǹkan bá ti dúpẹ́, ẹni tó fúnni ti gbowó ọjà rẹ̀. Orí rẹ̀ ti wú, ó ti mọ̀ pé wọ́n rí òun. “Èmi” tó ń fẹ́ kí wọ́n rí òun yìí ni ẹ̀kọ́ Búdà sì ń bá jà.

Ẹ fi wé alájọ tó ń wá láràárọ̀. Ẹni tó ń dá ajọ mọ̀ pé oṣù á parí, owó òun á sì jáde. Alájọ tibí kò ní káàdì, kò ní ìparí oṣù, síbẹ̀ àwọn tó ń dá ajọ kò yé jáde, ó sì ti lé ní 2,000 ọdún tí ó ti ń wá. Tó bá jẹ́ ajọ owó ni, á ti dà rú láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí kò dà rú nítorí pé ọwọ́ tó ń dá a ni ajọ náà wà fún: ọwọ́ tó bá ń ṣí lójoojúmọ́, dídi rẹ̀ á máa nira.

Wọ́n ní ọkàn olùfúnni gbọ́dọ̀ dùn kó tó fúnni, kó mọ́ nígbà tó ń fúnni, kó sì balẹ̀ lẹ́yìn tó ti fúnni. Ìkẹta yìí ló le jù. Ẹja ti wà nínú abọ́, mọ́ǹkì ti lọ, èrò á wá yọ́ wọlé pé ẹja yẹn mà tóbi.

Ẹnìkan á ní láádá ńkọ́, ṣé ìyẹn kì í ṣe èrè? Èrè ni. Bun ni àwọn ará Thailand, orílẹ̀-èdè tó múlé ti Laos, ń pè é, wọ́n sì gbà pé ọrẹ máa ń mú un wá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọgbọ́n ètò yìí ti jinlẹ̀ jù. Nígbà tí mọ́ǹkì bá ń wúre ní èdè Pali, èdè àtijọ́ tí ìwé mímọ́ wọn wà, ẹni tó fúnni lè mú omi nínú ife kékeré, á máa dà á díẹ̀díẹ̀ sínú àwo, ọkàn rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ àwọn òkú rẹ̀. Láádá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Ìwúre náà ní bí odò tó kún ṣe ń lọ kún òkun, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a fúnni níbí ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti lọ. Bí ife bá gbẹ, á gbé àwo náà lọ sídìí igi, á da omi náà síbẹ̀. Oúnjẹ ti lọ, ọpẹ́ kò wá, láádá pàápàá ti tọwọ́ rẹ̀ bọ́. Wọ́n ní pípín kì í dín in kù, bí iná àtùpà tí wọ́n fi tan òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ronú nípa ìyẹn kò tíì da omi rẹ̀ tán.

Àléébù kan wà nínú rẹ̀. Mọ́ǹkì kì í ṣa oúnjẹ, ohun tí wọ́n bá fún un ló ń gbà. Ní Thailand, ọbẹ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n fi rọ́bà dì lẹ́nu ló pọ̀ nínú abọ́: wàrà àgbọn, ọ̀rá ẹran, àti oríṣiríṣi oúnjẹ dídùn. Ẹlòmíì máa ń gbé ohun tí ìyá rẹ̀ tó ti kú fẹ́ràn wá, kó lè dé ọ̀dọ̀ ìyá náà. Àwọn dókítà ibẹ̀ sì ti ń pariwo tipẹ́ nípa àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn mọ́ǹkì. Òfin kò lè dí ihò yìí, àfi kí ẹni tó ń sebẹ̀ ro ti ẹni tó máa jẹ ẹ́ ṣáájú láádá tirẹ̀. Obìnrin tó bá dín ṣúgà kù ní aago márùn-ún ìdájí kó tó fi rọ́bà di ẹnu ọ̀rá ọbẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, mọ́ǹkì náà kò sì ní sọ nǹkan kan.