Ilé adìyẹ tó ti ṣófo, kí ẹṣin tó wọ̀ ọ́

Láti Abẹ́òkúta lọ sí ọ̀nà Ọ̀dẹ́dá, ilé adìyẹ tí wọ́n ti pa tì kò wọ́n: páànù ti dípẹtà, nẹ́ẹ̀tì ti já, koríko ti gba ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ra ẹṣin fún ọdún Lísàbí tàbí fún fàájì ara rẹ̀ á wo irú ilé bẹ́ẹ̀, á ní òun ti rí ibi tí òun máa so ó sí. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó lè kọ́kọ́ pa ẹṣin níbẹ̀ kì í ṣe ògiri tàbí òrùlé, oúnjẹ tí adìyẹ jẹ kù ni.

Wọ́n máa ń po oògùn tó ń dènà ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́ oúnjẹ adìyẹ. Monensin àti salinomycin wà lára wọn. Adìyẹ á jẹ ẹ́, nǹkan kan ò ní ṣe é. Ẹṣin tó bá jẹ díẹ̀ níbẹ̀, iṣan ọkàn rẹ̀ ló ń bà jẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Torí náà, ẹ kó gbogbo àpò, gbogbo ọpọ́n oúnjẹ, àti èérún tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rù jáde. Ìgbẹ́ adìyẹ àti pàǹtí tó wà nílẹ̀ náà ní oògùn yìí nínú. Ẹ fi ṣọ́bìrì ha á tán. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ lásán ni, ẹ bu ínǹṣì 3 kúrò lójú rẹ̀. Ẹ fọ ilé náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Abọ́ tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ adìyẹ ò gbọ́dọ̀ kan dúsà, ìyẹn èérí ọkà tí ẹṣin ń jẹ, láéláé.

Nẹ́ẹ̀tì ló kàn. Ẹ gé e kúrò láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 5, torí pátákò ẹṣin á wọ ihò rẹ̀, á fà á, awọ ẹsẹ̀ á sì bó. Ẹ so òòfà mọ́ okùn, kí ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ kiri. Ìṣó tí ẹ ó rí kó á yà yín lẹ́nu.

Òrùlé ló sábà máa ń dá iṣẹ́ dúró. Etí òrùlé ilé adìyẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí 8 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹṣin tó bá ta gìrì, orí ló máa ń kọ́kọ́ jù sókè. Láti ilẹ̀ dé igi tó rẹlẹ̀ jù, ó yẹ kó tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Bíríkìlà mìíràn á ní ká kúkú gbẹ́ ilẹ̀ inú wálẹ̀, torí ó dínwó. Ẹ má gbà fún un. Òjò oṣù Kẹfà á sọ ibẹ̀ di ọ̀gọ̀dọ̀, àárín pátákò ẹṣin á dúdú, á sì máa rùn. Ẹlòmíì á gé igi tó de apá òrùlé méjèèjì pọ̀, kí orí ẹṣin lè ráyè. Ìjì àkọ́kọ́ ló máa jẹ́ kó mọ ìdí tí káfíńtà fi kàn án síbẹ̀. Ẹ tú páànù, ẹ gbé òpó ga, ẹ tún un kàn. Bí owó ò bá tó, ibi tí yàrá méjì máa wà nìkan ni kí ẹ gbé sókè, kí ìyókù jẹ́ ibi ìkó koríko. Tí ẹ bá ń dá páànù padà, ẹ fi àlàfo ínǹṣì 6 sílẹ̀ lórí góńgó, kí ẹ fi páànù mìíràn dé e bíi fìlà. Ibẹ̀ ni ooru máa gbà jáde.

Ògiri ìlà búlọ́ọ̀kù méjì mẹ́ta tó tó fún adìyẹ ò tó fún ẹṣin. Ẹ gbé e dé ìlà mẹ́fà, ìyẹn bíi ẹsẹ̀ bàtà 5, kí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú lóròó tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 máa ń gba bíi búlọ́ọ̀kù 30 ní ìlà kan, 180 ní ìlà mẹ́fà. Ẹ yọ èyí tó ti wà nílẹ̀, kí ẹ fi mẹ́wàá kún un fún èyí tó máa fọ́. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 ni, kí ẹ fi kankéré dí ihò inú rẹ̀. Ẹṣin ń tàpá. Búlọ́ọ̀kù tínńrín tó ṣófo nínú á lu, ẹsẹ̀ á sì há síbẹ̀. Ìjì tó ń ṣáájú òjò níbí, ìlà-oòrùn ló ti ń wá, torí náà ẹ fa páànù jáde dáadáa lápá ibẹ̀.

Kankéré tí adìyẹ ń rìn lórí rẹ̀ ń yọ̀, ó sì le jù fún oríkèé ẹsẹ̀ ẹṣin. Ẹ fọ́ ọ. Ẹ da ilẹ̀ pupa tó ní yangí wẹ́wẹ́ síbẹ̀ ní ínǹṣì 3, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi igi wúwo gún un títí á fi le, kí ẹ tó da ínǹṣì 3 mìíràn lé e. Kí ẹ̀yìn yàrá fi ínǹṣì 3 ga ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ẹ da omi garawa kan sẹ́yìn, kí ẹ máa wò ó: ibi tó bá dúró sí ni ìtọ̀ máa dúró sí. Ẹ tẹ́ èèpo pákó tí ẹ̀rọ ìfági fá jáde sórí rẹ̀ ní ínǹṣì 6. Èyí tó kúnná bí lẹ́búlẹ́bú á wọ imú rẹ̀. Ti igi ìrókò àti ti igi mansonia, ẹ má gbà á rárá.

Láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹṣin bá ti sun ibẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí imú yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Tí ìtọ̀ bá ta yín nímú, atẹ́gùn ò tó, tàbí ìtọ̀ ò ráyè ṣàn. Ìdúró lórí ẹsẹ̀ ò lè jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ máa ṣí síta, kó ní ìdè méjì, lókè àti nísàlẹ̀. Ti òkè nìkan ò tó: ẹṣin á fi ètè tẹ́ ẹ wò, á ti í, á fà á, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan á ti mọ bó ṣe ń ṣí. Ti ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ò dé ibẹ̀. Garawa omi méjì ni kó wà nínú yàrá, torí ẹṣin lè mu lítà 25 sí 40 lóòjọ́, á sì jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru.

Ẹ ṣán igbó tó yí ilé ká, pàápàá tí odò bá wà nítòsí, torí abẹ́ òjìji ni eṣinṣin tsetse ń fara pamọ́ sí. Àìsàn tó ń gbé kiri wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nínú igbó ilẹ̀ wa láyé àtijọ́. Ẹ kó ìmí ẹṣin jáde lójoojúmọ́, kí ẹ sì palẹ̀ òkìtì rẹ̀ mọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó pé, torí nígbà ooru, ẹyin eṣinṣin ilé lásán lè di eṣinṣin láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ẹṣin bá ń jẹun tó sì ń rù, tí ibà ń wá tó ń lọ, tí abẹ́ ikùn rẹ̀ wú, ó lè jẹ́ àìsàn tí tsetse ń gbé kiri, ẹ má fi oògùn ilé gbìyànjú. Dókítà ẹran wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.