Yàrá tówó ẹ̀ ga jù lọ́kọ̀ òkun, òun náà ló sábà máa ń mì jù

Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn òkè. Tẹ́nì kan bá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òkè Ìléwó l'Abẹ́òkúta, òkè pátápátá ni bàbá onílé máa gbé, àwọn ayálégbé á wà nísàlẹ̀, torí náà tí wọ́n bá fẹ́ lọ kúrúùsì (kì í ṣe èyí táwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń ṣẹ̀fẹ̀ o, ìrìn àjò afẹ́ nínú ọkọ̀ òkun gidi téèyàn ń sùn sí la ń sọ) tí wọ́n wá rí i pé yàrá àjà kejìlá wọ́n ju ti àjà kẹrin lọ, kíá, wọ́n ti gbà pé èyí tó wọ́n yẹn ló dáa jù, ìsàlẹ̀ wà fáwọn tí ò lówó. Irọ́ gbáà. Bákónì àti ohun tójú máa rí ni wọ́n ń gbowó ẹ̀ lókè. Kí oúnjẹ àárọ̀ dúró jẹ́ẹ́ nínú ikùn tẹ́ ẹ kó o sí, wọn ò ta ìyẹn lókè, ìsàlẹ̀ ló wà, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Irú yàrá tó wà ò ṣòro: èyí tí ò ní fèrèsé rárá, èyí tó ní fèrèsé tí ò ṣeé ṣí, èyí tó ní bákónì, àti súùtì, ìyẹn yàrá ńlá àwọn ọlọ́lá. Ó tán.

Bí ọkọ̀ ṣe ń mì gan-an ló dùn ún sọ. Ẹ rántí pákó táwọn ọmọdé máa ń gbé lé orí òkúta, tí ọ̀kan á jókòó sápá ibí, èkejì á jókòó sápá ọ̀hún, tí wọ́n á máa lọ sókè sódò. Ọmọ tó wà létí pákó ni inú ẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n tí èèrà bá wà láàárín gan-an, lókè òkúta yẹn, bóyá ló mọ̀ pé wọ́n ń ṣeré. Bí ìgbì bá ti iwájú wá, imú ọkọ̀ á gòkè, ìdí ẹ̀ á wálẹ̀, àárín ọkọ̀ ni òkúta yẹn. Tó bá wá láti ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Ọkọ̀ á máa fì sọ́tùn-ún sósì, ibi tó sì ti ń fì yẹn ò jìnnà síbi tí ojú omi ti kan ara ọkọ̀, torí náà béèyàn bá ṣe ń gòkè sí ni ìfì náà ń gùn sí i, bí ọ̀pẹ lọ́jọ́ ìjì, ìdí ẹ̀ dúró gbọin, imọ̀ ẹ̀ lókè ń lọ ń bọ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì rí láti Kútọ̀ lọ Èkó ò nílò àlàyé kankan mọ́. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ti kọjá táyà ẹ̀yìn, tí táyà bá já sí kòtò báyìí, àwọn ará ẹ̀yìn á fò, orí á kan páànù, ẹni tó wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn á kàn mi orí díẹ̀, á tún máa sùn lọ. Dírẹ́bà kan náà, kòtò kan náà. Ẹ bi ìyá ẹlẹ́yin léèrè ibi tó máa ń ní kí wọ́n gbé kéréètì ẹ̀ sí nínú ọkọ̀, kò lọ yunifásítì kankan lórí ẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní bá ẹyin ẹ̀ lẹ́yìn láéláé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé iye kan náà ni gbogbo èrò bọ́ọ̀sì san, nínú ọkọ̀ òkun, ẹni tí orí ẹ̀ ń kan páànù ló sanwó jù!

Wọ́n á ní ọkọ̀ ayé òde òní ti tóbi. Lóòótọ́ ni, ọkọ̀ ńlá kì í fì bíi kékeré. Ọkọ̀ Icon of the Seas tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2024 ní àjà 20, ó sì gùn tó mítà 365. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ẹ̀ wò, láti àárín dé imú ẹ̀ ju mítà 180 lọ, pákó tó bá gùn tó yẹn, kó kàn tẹ̀ díẹ̀ láàárín, ó ti di nǹkan míì létí. Wọ́n tún ní ọgbọ́n kan tó wuyì, lẹbẹ bíi ti ẹja, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ méjèèjì lábẹ́ omi. Tí òkun bá ń ru, wọ́n á nà án síta, tí ọkọ̀ bá ní òun fẹ́ fì sápá kan, lẹbẹ á yí, omi tó ń ṣàn lára ẹ̀ á ti ọkọ̀ padà. Ìfì ẹ̀gbẹ́ nìkan nìyẹn ń dín kù o, gòkè-wálẹ̀ ti imú àti ìdí, lẹbẹ ò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Nítorí náà, ẹni tí òòyì máa ń kọ́, ìsàlẹ̀, àárín, kó sì ní fèrèsé, torí kí ojú rí ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run máa ń jẹ́ kí orí wálé. Kó má sì gba yàrá tí wọ́n ń pè ní guarantee, tówó ẹ̀ fi kéré torí pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa yan ibi tó bá wù wọ́n fún un.

Ariwo náà wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ níwájú, ìdákọ̀ró á jí yín nígbà tílẹ̀ ò tíì mọ́. Ẹ̀yìn pátápátá, àwọn abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ló burú jù lójú tèmi, wọ́n á máa wọ́ àga gbràgàdà lórí yín láàárọ̀ kùtù. Ohun tẹ́ ẹ máa wò lórí máàpù ọkọ̀ ni pé kí yàrá sísùn wà lókè yín, kó wà nísàlẹ̀ yín, bí àkàrà láàárín búrẹ́dì. Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá ọkọ̀ ìgbàlà ló dí ojú fèrèsé yín.

Aṣọ wá kù. Wọn kì í gba áyọ́ọ̀nù láàyè nínú yàrá torí iná, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá wá lọ kó àdìrẹ onísítáàṣì láti Ìtòkú, tí wọ́n ti lù ú tó ń dán, tó ká a mẹ́rin sínú àpótí, bó ṣe rún ló máa wọ̀ ọ́. Ẹ fi kọ́ sí ilé ìwẹ̀, kẹ́ ẹ tan omi gbígbóná, ooru ẹ̀ á nà án díẹ̀. Tuntun tó ṣì ń yọ aró, ẹ fọ̀ ọ́ nílé dáadáa kẹ́ ẹ tó gbéra, torí funfun ni táwẹ́ẹ̀lì inú yàrá sábà máa ń jẹ́. Ògiri yàrá sábà máa ń jẹ́ irin, ìkọ́ mágínẹ́ẹ̀tì mẹ́ta á lẹ̀ mọ́ ọn gbagba, ẹ fi gbé aṣọ kọ́, wọ́dúróòbù wọn ò ju kọ́bọ́ọ̀dù kékeré lọ.

Nínú ọ̀sẹ̀ kan, alẹ́ kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń múra bí ẹni ń lọ òde, àwọn òyìnbó á wọ kóòtù dúdú, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì kọ ọ́ sínú òfin wọn pé aṣọ ìbílẹ̀ tó níyì náà bá a mu. Aṣọ òkè wọlé nìyẹn. Àmọ́ ẹ má gbé agbádá jáde síta gbangba lókè ọkọ̀, bí atẹ́gùn ò tiẹ̀ fẹ́ rárá, ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 37 ní wákàtí kan ti di atẹ́gùn fúnra ẹ̀, gèlè á ṣí, fìlà á di tẹja. Inú ọkọ̀ ńkọ́? Éésì wọn tutù bíi yìnyín, ẹ mú suẹ́tà. Aṣọ tó jọ ti sójà, ẹ fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, òfin Barbados àti Jàmáíkà ò gba aráàlú láàyè kó wọ̀ ọ́, ọmọdé pàápàá.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sábà máa ń ní kí àwọn èèyàn gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà yàrá, àwọn òṣìṣẹ́ á kó o lọ lóru, ó di èbúté kẹ́ ẹ tó tún fojú kàn án. Ẹ yọ aṣọ kan, bàtà kan àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fa síìpù, torí gbogbo ìgbà lẹnì kan máa ń wà tó ti kó tiẹ̀ tán pátá, táwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á wá bá a nínú aṣọ ìsùn àti sílípáàsì.