Ọgbọ́n tí Edward FitzGerald fi túmọ̀ ewì Omar Khayyam

Nínú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ ilẹ̀ Páṣíà, lẹ́tà tó parí ìlà ni wọ́n fi ń to rubáì. Ewì ìlà mẹ́rin péré ni rubáì, ó dá dúró, kò gbára lé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó parí sí álífù á kọ́kọ́ jókòó, àwọn tó parí sí báà á tẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ewì ọtí lè tipa bẹ́ẹ̀ fara ti ewì ikú, kí àdúrà sì tẹ̀ lé e, láìjẹ́ pé ọ̀kan ń bá èkejì sọ̀rọ̀. Bí Edward FitzGerald, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe bá ewì tí wọ́n ń pè ní ti Omar Khayyam, akéwì ilẹ̀ Páṣíà, nìyẹn, àtúntò tó tún wọn tò ló sì gbé iṣẹ́ rẹ̀, Rubáiyát of Omar Khayyám, ga jù lọ.

Bredfield, nítòsí Woodbridge ní Suffolk, ni wọ́n ti bí i ní 1809. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin tó lówó jù lọ ní England, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ níbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ó jáde ní Trinity College, Cambridge, ní 1830, ó padà sí Suffolk, ó ń kàwé, ó ń kọ lẹ́tà sáwọn ọ̀rẹ́, ó sì ń wa ọkọ̀ lójú omi. Ní 1853 ó tẹ eré mẹ́fà Calderón, òǹkọ̀wé eré ọmọ Sípéènì, jáde, èyí tó túmọ̀ láti èdè Sípéènì. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ èdè Páṣíà, Edward Cowell, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi ọdún 17 kéré sí i, ló sì kọ́ ọ. Ó wúni lórí pé àgbà jókòó síwájú ọmọdé, ó ń kọ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Cowell yìí náà ló rí ìwé àfọwọ́kọ kan ní 1856, ní ilé ìkówèésí Bodleian ní Oxford. Ọdún 1460 ni wọ́n kọ ọ́, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ikú Omar, rubáì 158 ló sì wà nínú rẹ̀. Ó dà á kọ fún FitzGerald. Lọ́dún yẹn kan náà iṣẹ́ gbé e lọ sí Calcutta ní Íńdíà, ó tún rí òmíràn níbẹ̀ tí rubáì inú rẹ̀ lé ní 500, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, lẹ́tà ni FitzGerald fi ń béèrè ibi tó bá rú u lójú.

Ó di ìlànà ohùn ìparí ìlà àwọn ará Páṣíà mú. Ìlà kìíní, ìkejì àti ìkẹrin máa ń dún bákan náà, ìkẹta á yà lọ. Nínú ewì àkọ́kọ́ ẹ̀dà tó tẹ̀ jáde ní 1859, ìlà mẹ́ta parí sí Night, Flight àti Light, ìkẹta parí sí caught. Ìkẹta yẹn á so etí olùgbọ́ rọ̀, ìkẹrin á wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló da ètò álífábẹ́ẹ̀tì nù, ó sì fi ewì tó ṣà jọ hun ọjọ́ kan ṣoṣo. Oòrùn yọ, àwọn ènìyàn ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ọtí ń wọra, ìbéèrè nípa ikú àti àyànmọ́ ń le sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ààwẹ̀ Ramadan ń parí, a bá ara wa ní ṣọ́ọ̀bù amọ̀kòkò: àwọn ìkòkò ń bára wọn jiyàn nípa ẹni tó mọ wọ́n, títí ọ̀kan fi rí oṣù tuntun, tí wọ́n sì ń ta ara wọn jí. Òṣùpá yọ nígbẹ̀yìn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì ní kí ọ̀rẹ́ dojú ife òfìfo dé níbi tí òun ti máa ń jókòó. Rubáì kọ̀ọ̀kan ti Páṣíà wá. Ìrìn àjò láti òwúrọ̀ dé alẹ́ yìí, ti FitzGerald ni.

Kò sì bẹ̀rù láti da ewì méjì pọ̀. Onímọ̀ kan, Edward Heron-Allen, yẹ iṣẹ́ náà wò fínnífínní, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1899: nínú ewì 101, 49 wá látinú rubáì kan ṣoṣo, 44 jẹ́ àdàpọ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú èyí tó kù, òmíràn ń rántí Attar àti Hafiz, àwọn akéwì Páṣíà mìíràn. FitzGerald fúnra rẹ̀ kò fi pa mọ́. Ó kọ̀wé sí Cowell ní 1859 pé ológoṣẹ́ tó wà láàyè sàn ju òkú idì tí wọ́n ki nǹkan sí nínú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Omar wí ní ìlà kọ̀ọ̀kan ní láti wá ìtumọ̀ mìíràn kún un, òótọ́ sì ni.

Ó kọ́kọ́ fún ìwé ìròyìn Fraser's Magazine ní ewì 35, wọ́n sì gbé e jókòó fún nǹkan bí ọdún kan. Ó gbà á padà, ó fi kún un di 75, ó sì fowó ara rẹ̀ tẹ 250 ẹ̀dà láìfi orúkọ sí i. Ogójì ló mú, ìyókù lọ sọ́dọ̀ òǹtàwé Bernard Quaritch ní London. Sílè kan ni iye rẹ̀. Nígbà tí kò tà, ó di pẹ́nì kan nínú àpótí ẹnu ọ̀nà. Inú àpótí yẹn ni onímọ̀ èdè Whitley Stokes ti rí i ní 1861, ó fún akéwì Rossetti ní ọ̀kan, Rossetti àti Swinburne, akéwì bíi tirẹ̀, sì lọ ra sí i.

FitzGerald kò dẹ́kun àtúnṣe. Ẹ̀dà ti 1868 di ewì 110, ti 1872 àti 1879 jẹ́ 101, ó sì kú ní 1883. Ọ̀rọ̀ ewì àkọ́kọ́ gan-an yí padà láàárín wọn, nítorí náà kí òǹkàwé kọ́kọ́ wo ọdún ẹ̀dà tó mú dání. Ti 1859 ló gbóná jù.