Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìwọ̀ Pa Ẹja Crappie Lábẹ́ Èbúté Ọkọ̀ ní Ìgbà Òtútù

Ní ìpínlẹ̀ Missouri, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Odò Osage ni wọ́n fi dáàmù Bagnell sé, tí iṣẹ́ dáàmù náà sì parí ní ọdún 1931. Omi tí ó kó jọ sẹ́yìn rẹ̀ ni adágún tí wọ́n ń pè ní Lake of the Ozarks. Etí ọ̀pọ̀ adágún ńlá bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún wà lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ọwọ́ aládàáni ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú etí adágún yìí wà, àwọn onílé etí omi sì ti kan èbúté kéékèèké fún ọkọ̀ wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èbúté tí ó léfòó lórí fóòmù, tí wọ́n sì fi okùn irin so mọ́ ilẹ̀ etí omi kí ìgbì má baà gbé e lọ. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, nígbà tí àwọn onígbafẹ́ bá ti kúrò lójú omi, abẹ́ àwọn èbúté wọ̀nyí ni àwọn apẹja tí ó mọṣẹ́ máa ń wá crappie lọ.

Oríṣi crappie méjì ni ó wà, funfun àti dúdú. Àwọn méjèèjì pẹlẹbẹ bí epìyà, ẹran wọn funfun, ó sì dùn dé ibi pé àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ dúró nínú òtútù láti àárọ̀ dalẹ́. Nǹkan méjì nípa ara ẹja yìí ni ó ń darí gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á. Àkọ́kọ́ ni pé ojú rẹ̀ tóbi, ó sì wà lápá òkè orí, nítorí náà ohun tí ó bá ń kọjá lókè rẹ̀ ni ó máa ń tètè rí, tí yóò sì gòkè lọ gbé. Ìkejì ni pé awọ ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà, tí ìwọ̀ fi lè fà á ya bí ènìyàn bá fi agbára já a.

Omi fúnra rẹ̀ ní ìwà tí ó gbọ́dọ̀ yé ẹni tí yóò dẹ ìwọ̀ nígbà òtútù. Omi a máa wúwo jù lọ nígbà tí ó bá tutù dé nǹkan bíi dígírì 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ìgbà ìwọ́wé ṣe ń parí lọ, omi ojú adágún ń tutù, ó ń wúwo, ó ń rì, ti ìsàlẹ̀ sì ń gòkè, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pò pọ̀. Bí òtútù bá wá ju ti dígírì 4 lọ, omi tí ó tutù jù náà ti fúyẹ́, òkè ni yóò dúró sí, òun ni ó sì ń di yìnyín nínú àwọn kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Ẹja kò ní ooru tirẹ̀. Bí omi bá ṣe tutù tó ni ara rẹ̀ ṣe ń tutù tó. Oúnjẹ a máa pẹ́ kí ó tó dà nínú rẹ̀, kì í lé ohunkóhun jìnnà mọ́, ibi tí oúnjẹ yóò ti máa gba iwájú rẹ̀ kọjá ni ó ń wá.

Èbúté tí ó dára ń pèsè irú ibi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èbúté ni ó dára. Èyí tí ó wà nítòsí ojú ọ̀nà tí odò ń gbà kí wọ́n tó sé e, tí omi abẹ́ rẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 20 tàbí 30, ni ẹja ń fẹ́, nítorí ó lè gòkè kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ lójú kan náà láìrìn jìnnà. Ọ̀pọ̀ onílé tún máa ń so búlọ́ọ̀kù mọ́ igi kédárì kí wọ́n tó rì í síwájú èbúté wọn. Kò ní pẹ́ tí ewé omi tín-tìn-tín tí ń yọ̀ lọ́wọ́ yóò fi bo ẹ̀ka igi náà. Kòkòrò omi ń jẹ ewé yìí, ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ kòkòrò, crappie sì ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwọn apẹja adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú omi láti fi ṣe ọgbà ẹja tí wọ́n ń pè ní acadja, àfi pé àwọn ń fi àwọ̀n yí tiwọn ká nígbà ìkórè, nígbà tí apẹja Ozarks ń fi ìwọ̀ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí àlejò ti máa ń ṣì í ni pé ó gbà pé nígbà tí òtútù bá ti mú, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹja yóò wà. Bí oòrùn bá ràn dáadáa tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, àwọn ẹja shad kéékèèké a máa súnmọ́ òkè, crappie a sì tẹ̀ lé wọn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a lè rí i ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí márùn-ún péré sí ojú omi, tí ó fara pamọ́ sínú ibòji fóòmù èbúté, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jìn gan-an. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, wọ́n lè tú ká tàbí kí wọ́n padà sínú igi tí a rì. Nítorí náà, ojú ọ̀run ni ó yẹ kí apẹja kọ́kọ́ wò kí ó tó yan ibi tí yóò ju ìwọ̀ sí.

Ìṣòro ni bí ìwọ̀ yóò ṣe dé inú ibòji náà, nítorí àyè tí ó wà láàárín pákó èbúté àti omi kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì lọ. Ìwọ̀ olórí òjé tí wọ́n ń pè ní jig ni wọ́n ń lò, èyí tí kò wúwo ju 1/16 tàbí 1/32 áǹsì lọ, tí ó ní ìrù rọ́bà, lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lè gbé ìwọ̀n pọ́ùn 4 tàbí 6. Apẹja a ṣí kẹ̀kẹ́ tí ń ká okùn, a fi ìka kan di okùn mú lára ọ̀pá, a sì fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ kejì di orí òjé mú, kí ṣóńṣó ìwọ̀ kọjú síta kí ó má baà gún un. A wá fà á sẹ́yìn títí ọ̀pá yóò fi tẹ̀ bí ọrun, a rẹ orí ọ̀pá sílẹ̀ súnmọ́ omi, a tú orí òjé sílẹ̀, lójú ẹsẹ̀ a sì tú okùn tí ìka dì mú. Jig náà yóò ta lọ bí ọfà, yóò fò lójú omi, yóò sì wọlé sábẹ́ èbúté lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn èyí, sùúrù ló kù. Kí jig máa rọra rì, kí apẹja máa ka ení, èjì lọ́kàn bí ó ṣe ń rì, kí ó sì tẹjú mọ́ okùn, nítorí crappie inú òtútù kì í fa okùn gbọ̀n-ọ́n. Okùn lè kàn ta díẹ̀, tàbí kí ó dẹ̀ nígbà tí kò tíì yẹ kí jig balẹ̀. Ẹja ti gbé e nìyẹn. Kí ó rọra gbé ọ̀pá sókè, kí ó má já a, kí ó sì rántí iye tí ó kà, torí iye yẹn ni yóò fi mọ ibi tí àwọn yòókù wà. Bí jig bá ti rì kọjá abẹ́ wọn, wọn kì í sábà tẹ̀ lé e. Ó sàn kí ó gba òkè orí wọn kọjá.

Ẹ̀wù amúniléfòó ṣe pàtàkì ju ọ̀pá ìwọ̀ lọ ní àsìkò yìí, nítorí omi tútù bẹ́ẹ̀ lè gba èémí lẹ́nu ẹni tí ó bá já sínú rẹ̀, kí ó sì sọ ọwọ́ rẹ̀ di aláìlágbára láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òfin Missouri sì ní kí wọ́n dá crappie tí kò bá tó íǹṣì 9 padà sínú adágún yìí. Ẹja tí wọ́n bá fà láti ibi tí ó jìn gan-an, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a máa wú bí ó ṣe ń gòkè, tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè kú bí wọ́n tilẹ̀ dá a padà. Bí ó bá wá jẹ́ pé àwọn kéékèèké nìkan ni igi ìsàlẹ̀ ń mú wá, kí apẹja gbéra kúrò níbẹ̀, kí ó wá èbúté mìíràn tí oòrùn ti fa ẹja sókè.