Ọ̀dà Yín Kò Pa Àwọ̀ Dà

Ẹ tún ti ń pariwo pé ọ̀dà tí a kùn kọ́ lẹ yàn, pé a bu omi là á. Àwọn kan tilẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni, torí ògiri tó funfun láàárọ̀ ń ṣú bí eérú nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ ayé kankan ò sí níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ tí ẹ ò tíì tanná, ojú ọ̀run tó mọ́ nínú fèrèsé ni ojú yín ń fi ògiri wé.

Ojú kì í wọn ìmọ́lẹ̀, ó ń fi í wéra ni. Oòrùn ọ̀sán gangan tó nǹkan bí 100,000 lux, ìyẹn òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé nǹkan. Iná yàrá, bí 300. Nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tó bà lé e, ohun dúdú ń dá bí 5 padà, funfun ń dá 85. Ẹ ṣírò ó: aṣọ dúdú tí ẹ sá sóòrùn ń rán 5,000 jáde, bébà funfun inú yàrá ń rán 255. Aṣọ dúdú fi ìlọ́po bí 20 ju bébà lọ, síbẹ̀ dúdú lẹ rí i! Hans Wallach, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́, ti fi hàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1948 pé bí ìmọ́lẹ̀ nǹkan ṣe rí sí ti àyíká rẹ̀ ló ń pinnu ohun tí a rí.

Páálí àpẹẹrẹ inú ṣọ́ọ̀bù kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, funfun ló sì yí i ká, ó sì ń mú kó ṣú lójú yín. Tí ọ̀dà náà bá gba ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, funfun yẹn ò sí mọ́. Pátákó oní-mítà kan ni kí ẹ kùn, lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ mọ́jú, torí ọ̀dà olómi sábà máa ń ṣú díẹ̀ tó bá gbẹ. Ẹ gbé e dé ẹ̀bá fèrèsé àti igun yàrá, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ tí iná wà.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó lu ihò méjì bí orí ìka sára páálí, kó di ojú kan, kó wo ẹ̀bá fèrèsé nínú ọ̀kan, igun nínú èkejì. Ọ̀kan á mọ́, èkejì á ṣú. Kó wá gbé páálí kúrò: ọ̀dà kan náà ni.

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pe ara wọn ní pẹ́ńtà, tí oníbàárà bá ti ní “igun yẹn ṣú,” wọ́n á da funfun sínú ọ̀dà, wọ́n á tún igun yẹn nìkan kùn. Iṣẹ́ ojú ni kíkun ilé kó tó di iṣẹ́ ọwọ́! Lọ́sàn-án, á dà bíi pé ó dáa. Ẹ tan gílóòbù àárín yàrá lálẹ́, òjìji igun á lọ, abulẹ̀ funfun á yọ síta gedegbe. Ọ̀dà tó kù nínú garawa ò sì bá ògiri mu mọ́. Ẹ óò ra tuntun, ẹ óò tún gbogbo ògiri kùn láti igun dé igun.